Ìbéèrè àti ìdáhùn: kí ló dé tí ọmọ tuntun nínú NFL fi ń jókòó sílé, kí sì ni iṣẹ́ aṣojú rẹ̀?

Lọ́dọọdún, bí oṣù Keje bá ti ń parí lọ tí àwọn kíláàbù bọ́ọ̀lù Amẹ́ríkà sì ti ṣí ibùdó ìgbáradì wọn, a kì í pẹ́ gbọ́ pé ọmọ kan tí wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ mú kò yọjú, pé òun àti aṣojú rẹ̀ kò tíì fara mọ́ ìwé àdéhùn. Àwọn èèyàn á bẹ̀rẹ̀ sí í bú u pé ojú kòkòrò ló ń dà á láàmú. Èmi ò sí lára àwọn tó ń bú wọn, ẹ ó sì rí ìdí rẹ̀ nísàlẹ̀. Orúkọ Yorùbá ń pọ̀ sí i nínú liigi yìí. Àwọn òbí wa tó wà ní Texas, ní Maryland àti ní California ń rán ọmọ lọ gbá bọ́ọ̀lù náà ní yunifásítì, ó sì yẹ kí wọ́n mọ bí ọ̀rọ̀ owó rẹ̀ ṣe ń lọ kí ọjọ́ náà tó dé.

Ṣé bọ́ọ̀lù tí gbogbo wa mọ̀ lẹ ń sọ ni?

Rárá o. Bọ́ọ̀lù tí àwọn ará Amẹ́ríkà ń fọwọ́ gbé sáré, tí wọ́n ń dé akoto gbá, ni mò ń sọ. NFL ni liigi àgbà rẹ̀, kíláàbù 32 ló sì wà níbẹ̀.

Kí ni wọ́n ń pè ní draft, kí ló sì pa á pọ̀ mọ́ wàhálà yìí?

Ibẹ̀ gan-an ni gbogbo rẹ̀ ti bẹ̀rẹ̀. Ọmọ tó bá mọ bọ́ọ̀lù tiwa gbá lè wo kíláàbù mẹ́ta tó ń wá a, kó yan èyí tó wù ú. Nínú NFL, kíláàbù ló ń yan ọmọ. Ní oṣù Kẹrin, àwọn kíláàbù á tò, èyí tó ṣe dáadáa jù lọ́dún tó kọjá á wà lẹ́yìn, èyí tó ṣe burúkú jù á wà níwájú, wọ́n á sì máa pe orúkọ àwọn ọmọ yunifásítì lọ́kọ̀ọ̀kan. Ìpele méje ni wọ́n máa ń ṣe é, ipò tí wọ́n ti pe ọmọ kan nínú ìtòlẹ́sẹẹsẹ náà sì ni wọ́n ń pè ní nọ́ńbà rẹ̀. Bí kíláàbù kan bá ti pe orúkọ rẹ, òun nìkan ló lè bá ọ dúnàádúrà nínú gbogbo liigi náà. Ì báà jẹ́ ìlú tí o kò dé rí, ì báà jẹ́ olùkọ́ tí o kò fẹ́ràn, ibẹ̀ lo máa lọ.

Bí o bá sọ pé o ò lọ ńkọ́? Wà á jókòó. Bó bá di ọjọ́ Ìṣẹ́gun tó tẹ̀ lé ọ̀sẹ̀ kẹwàá sáà náà tí o kò tíì fọwọ́ síwèé, o ò ní gbá bọ́ọ̀lù nínú NFL lọ́dún yẹn mọ́. Wà á dúró de draft ọdún tó ń bọ̀, wọ́n á sì tún pe orúkọ rẹ bákan náà. Ohun ìjà kan ṣoṣo tó kù sọ́wọ́ ọmọ ọdún méjìlélógún náà ni pé kó má yọjú. Ìdí nìyí tí inú mi kì í fi í dùn bí mo bá gbọ́ tí wọ́n ń pè é ní olójú kòkòrò. Ẹni tí kò láṣẹ láti yan ọ̀gá, ṣé kò tún ní láṣẹ láti ka ìwé rẹ̀ ni?

Ṣé a rí ẹni tó kọ̀ tó sì rí ohun tó fẹ́ gbà?

A rí wọn. Ní 1983, Baltimore Colts ló kọ́kọ́ pe John Elway, àmọ́ ó ní òun kò ní gbá bọ́ọ̀lù fún wọn láé. Ó ní ibòmíràn tó lè lọ, nítorí New York Yankees, kíláàbù baseball (eré bọ́ọ̀lù tí wọ́n ń fi igi gbá), ti mú un tẹ́lẹ̀. Nígbà tó yá, wọ́n fi í ṣe pàṣípààrọ̀ pẹ̀lú Denver, ibẹ̀ ló sì ti di ìlú mọ̀ọ́ká. Lọ́dún 1986, Tampa Bay ló fi nọ́ńbà kìíní mú Bo Jackson. Ó kọ̀ wọ́n pátápátá, ó lọ gbá baseball fún Kansas City Royals, kí Raiders tó mú un lọ́dún tó tẹ̀ lé e ní ìpele keje. Eli Manning náà sọ fún San Diego Chargers ní 2004 pé òun kò wá. Wọ́n pe orúkọ rẹ̀ síbẹ̀síbẹ̀, wọ́n sì fi í ṣe pàṣípààrọ̀ fún New York Giants lọ́jọ́ náà gan-an.

Ẹ má gbàgbé Kelly Stouffer o. Cardinals fi nọ́ńbà kẹfà mú un ní 1987, wọn kò rí owó náà fẹnu kò sí, ó sì jókòó fún odindi sáà kan kí wọ́n tó fi í ránṣẹ́ sí Seattle. Orúkọ rẹ̀ kò tàn kálẹ̀ bíi tàwọn mẹ́ta tó kù. Àwọn tí kíkọ̀ wọn so èso rere ni wọ́n máa ń fi ṣe àpẹẹrẹ, àmọ́ ọ̀kọ̀ọ̀kan wọn ló ní ibòmíràn tó lè lọ, tàbí kó ní orúkọ ńlá lẹ́yìn.

Báwo ni nǹkan ṣe rí kó tó di 2011?

Kò sí gbèdéke lórí ohun tí ọmọ kọ̀ọ̀kan lè béèrè. Aṣojú á wo ohun tí wọ́n san fún nọ́ńbà yẹn lọ́dún tó kọjá, á fi díẹ̀ lé e, á sì tún máa ṣọ́ nọ́ńbà tó wà lókè àti nísàlẹ̀ tirẹ̀. Nítorí náà, kò sẹ́ni tó fẹ́ kọ́kọ́ fọwọ́ síwèé. Aṣojú nọ́ńbà kẹsàn-án ń dúró de ti ìkẹjọ, ti ìkẹjọ ń dúró de ti ìkeje, ibùdó ìgbáradì á ti ṣí, ọ̀pọ̀ ọmọ kò tíì dé.

JaMarcus Russell, quarterback (ẹni tó ń darí ẹgbẹ́ tó sì ń ju bọ́ọ̀lù) tí Oakland Raiders fi nọ́ńbà kìíní mú ní 2007, jókòó títí di oṣù Kẹsàn-án. Sáà ti bẹ̀rẹ̀ kó tó fọwọ́ sí àdéhùn ọdún mẹ́fà, owó tó dájú nínú rẹ̀, ìyẹn èyí tí kíláàbù gbọ́dọ̀ san bí wọ́n tiẹ̀ lé e, sì ju mílíọ̀nù 30 dọ́là lọ. Kò dé ibùdó ìgbáradì rárá lọ́dún náà. Nígbà tó fi máa di oṣù Karùn-ún 2010, wọ́n ti lé e lọ.

Èyí tí mo máa ń rántí jù ni ti Michael Crabtree. Ọ̀pọ̀ èèyàn ti sọ pé òun ló mọ bọ́ọ̀lù gbà jù nínú àwọn ọmọ 2009, àmọ́ nígbà tí draft dé, Raiders fi nọ́ńbà keje mú Darrius Heyward-Bey, San Francisco 49ers wá fi ìkẹwàá mú Crabtree. Aṣojú rẹ̀, Eugene Parker, ní kí wọ́n sanwó fún un gẹ́gẹ́ bí ipò tó yẹ kó wà, kì í ṣe ipò tí wọ́n ti pè é. Kíláàbù kọ̀. Oṣù Keje kọjá, oṣù Kẹjọ kọjá, wọ́n gbá ìdíje mẹ́rin láìsí i, kó tó fọwọ́ síwèé ní oṣù Kẹwàá: ọdún mẹ́fà, mílíọ̀nù 32 dọ́là, mílíọ̀nù 17 nínú rẹ̀ ló dájú. Àwọn kan ní Parker ba ọdún ọmọ náà jẹ́. Lójú tèmi, ọ̀nà tí wọ́n ń gbà díye lé ọmọ nígbà náà ló burú. Parker kàn bá a lọ bó ṣe wà ni.

Kí ni àdéhùn 2011 láàárín àwọn oníkíláàbù àti ẹgbẹ́ agbábọ́ọ̀lù yí padà?

Lọ́dún yẹn, àwọn oníkíláàbù ti ilẹ̀kùn mọ́ àwọn agbábọ́ọ̀lù láti oṣù Kẹta títí di oṣù Keje. Nígbà tí wọ́n parí ìjà, wọ́n ti fi gbèdéke sí owó àwọn ọmọ tuntun. Gbogbo ẹni tí wọ́n bá mú nínú draft á gba àdéhùn ọdún mẹ́rin. Ẹni tó bá wà ní ìpele kìíní, kíláàbù rẹ̀ láṣẹ láti fi ọdún karùn-ún kún un. Nọ́ńbà kọ̀ọ̀kan sì ní iye tó wà nílẹ̀ fún un kí wọ́n tó pe orúkọ rárá.

Ẹ fi méjì yìí wéra. Sam Bradford, nọ́ńbà kìíní ní 2010: ọdún mẹ́fà, mílíọ̀nù 78 dọ́là, mílíọ̀nù 50 tó dájú, bẹ́ẹ̀ kò tíì fẹsẹ̀ kan pápá NFL. Cam Newton, nọ́ńbà kìíní ní 2011: ọdún mẹ́rin, nǹkan bíi mílíọ̀nù 22. Láàárín oṣù méjìlá péré!

Àwọn àgbà inú ẹgbẹ́ òṣìṣẹ́ agbábọ́ọ̀lù, ìyẹn NFLPA, fara mọ́ ọn nítorí wọ́n rò pé owó tí wọ́n gé lọ́wọ́ ọmọdé á dé ọ̀dọ̀ ẹni tó ti fi ara gba ìyà fún ọdún mélòó kan. Mo lóye èrò wọn. Síbẹ̀, àwọn tí wọ́n gé owó wọn kò sí nínú yàrá tí wọ́n ti gé e, torí pé wọ́n ṣì wà ní yunifásítì.

Tí iye owó bá ti wà nílẹ̀, kí ni wọ́n tún ń jà lé lórí?

Ọ̀rọ̀ inú ìwé. Ẹ jẹ́ ká dúró díẹ̀ níbí, torí ibí ni a ti ń mọ aṣojú tó mọṣẹ́.

Àdéhùn NFL kò dà bí àdéhùn bọ́ọ̀lù Yúróòpù. Kíláàbù lè já ẹ sílẹ̀ láàárọ̀ ọ̀la, kó má sì san èyí tó kù fún ẹ, àfi apá tí wọ́n bá kọ ọ́ sínú ìwé pé ó dájú. Ìpíndọ́gba ọdún tí agbábọ́ọ̀lù ń lò nínú NFL kò ju mẹ́ta àti díẹ̀ lọ. Orúnkún kan lè yẹ̀, iṣẹ́ á parí. Nítorí náà, bí wọ́n bá sọ fún yín pé ọmọ kan gba mílíọ̀nù báyìí, ohun àkọ́kọ́ tí ẹ gbọ́dọ̀ béèrè ni pé: èló ló dájú níbẹ̀?

Ohun kejì ni ti àyọkúrò. Ká ní kíláàbù já ọmọ kan sílẹ̀ ní ọdún kẹta, tó ṣì jẹ ẹ́ ní mílíọ̀nù márùn-ún tó dájú, kíláàbù mìíràn wá gbà á ní mílíọ̀nù kan. Bí ọ̀rọ̀ àyọkúrò bá wà nínú ìwé rẹ̀, kíláàbù àkọ́kọ́ á yọ mílíọ̀nù kan náà kúrò, á san mẹ́rin. Bí kò bá sí níbẹ̀, ọmọ á gba méjèèjì pé. Lórí èyí, àti lórí ọjọ́ tí wọ́n máa san owó ìfọwọ́síwèé, ni Joey Bosa, nọ́ńbà kẹta ní 2016, fi jókòó títí di ọjọ́ 29 oṣù Kẹjọ. Chargers bínú débi pé wọ́n kéde fún gbogbo ayé pé àwọn ti gba ohun tí àwọn fi lọ̀ ọ́ padà. Ìyá rẹ̀ kọ ọ́ sórí Facebook pé ì bá sàn ká ní àwọn ti ṣe bíi ti Eli Manning. Wọ́n parí ẹ̀ ṣáá. Iṣan ẹsẹ̀ mú un, kò gbá ìdíje mẹ́rin àkọ́kọ́, àmọ́ òun náà ni wọ́n dìbò fún gẹ́gẹ́ bí ọmọ tuntun tó mọṣẹ́ jù níhà ìdènà lọ́dún náà.

Ohun kẹta ló díjú jù: kí ló lè sọ owó tó dájú di èyí tí kò dájú mọ́? Ní 2018, liigi ṣe òfin tuntun pé ẹni tó bá fi akoto kan ẹlòmíràn máa jìyà, wọ́n tiẹ̀ lè dá a dúró. Roquan Smith, tí Chicago Bears fi nọ́ńbà kẹjọ mú, ń fi ara kọlu èèyàn jẹun ni. Àwọn aṣojú rẹ̀ béèrè pé bí wọ́n bá dá a dúró nítorí òfin tí ẹnikẹ́ni kò tíì mọ bí wọ́n ṣe máa lò ó yìí, ṣé kíláàbù á fi ìyẹn gba owó rẹ̀ padà? Ó jókòó di àárín oṣù Kẹjọ kí wọ́n tó yanjú rẹ̀. Ojú ni alákàn fi ń ṣọ́rí. Ohun tí wọ́n ṣe kò ju ìyẹn lọ.

Lẹ́nu àìpẹ́ yìí, ní 2025, ó tún ṣẹlẹ̀ sí Shemar Stewart, nọ́ńbà kẹtàdínlógún, pẹ̀lú Cincinnati Bengals. Kíláàbù fẹ́ kọ ọ́ pé bó bá rú àdéhùn ní ọdún kan, ìdánilójú ọdún tó kù á ṣòfò pẹ̀lú rẹ̀. Stewart ní irú gbólóhùn bẹ́ẹ̀ kò sí nínú ìwé àwọn tí Bengals mú ṣáájú òun. Ó wá sí ìgbáradì oṣù Karùn-ún, ó dúró létí pápá, kò bá wọn ṣe nǹkan kan, ó sì pàdánù àwọn ọjọ́ àkọ́kọ́ ibùdó oṣù Keje kó tó fọwọ́ síwèé. Gbólóhùn kan ṣoṣo lórí àdéhùn tó lé ní mílíọ̀nù 18. Wọ́n fi í ṣe yẹ̀yẹ́ gan-an. Àmọ́ ẹni tó bá ti fọwọ́ síwèé ilé tàbí ti ilẹ̀ rí mọ ohun tí gbólóhùn kan lè ṣe.

Kí ló fà á tí ọgbọ̀n ọmọ fi dúró lẹ́ẹ̀kan náà ní 2025?

Àwọn ìpele kejì nìyẹn. Tẹ́lẹ̀, àwọn ìpele kìíní nìkan ló ń gba owó tó dájú láti ọdún kìíní dé ìkẹrin. Ní oṣù Karùn-ún 2025, Houston Texans fún Jayden Higgins, nọ́ńbà 34, ní ìdánilójú lórí gbogbo owó rẹ̀. Irú rẹ̀ kò wáyé rí ní ìpele kejì. Cleveland kò rí ibi yẹ̀ ẹ́ sí, wọ́n fún Carson Schwesinger, nọ́ńbà 33, náà. Bẹ́ẹ̀ ni gbogbo ọgbọ̀n tó kù ṣe dúró gbagidi. Kò sí aṣojú tó fẹ́ kó jẹ́ pé ọ̀dọ̀ tirẹ̀ ni ìlà ìdánilójú kíkún náà ti máa já.

Oluwafemi Oladejo, tí Tennessee Titans fi nọ́ńbà 52 mú láti yunifásítì UCLA, wà lára ọgbọ̀n náà. Tre Harris ti Chargers ni kò kọ́kọ́ yọjú sí ibùdó, torí ibùdó tiwọn ló kọ́kọ́ ṣí. Ní àárín oṣù Keje, Saints fún Tyler Shough, nọ́ńbà 40, ní gbogbo rẹ̀, 49ers sì fún Alfred Collins, nọ́ńbà 43, ní èyí tó pọ̀ jù nínú rẹ̀, kì í ṣe gbogbo ẹ̀. Bí ìlà ṣe hàn báyìí ni àwọn tó kù bẹ̀rẹ̀ sí í fọwọ́ síwèé lọ́kọ̀ọ̀kan. Èyí ni ìtẹ̀síwájú tó tóbi jù tí àwọn ọmọ tuntun ti rí láti 2011, àwọn ló sì fi sùúrù gbà á.

Ṣé wọ́n ń bu owó ìtanràn lé ọmọ tó bá jókòó?

Ọmọ tí kò tíì fọwọ́ síwèé kì í ṣe òṣìṣẹ́ ẹnikẹ́ni, torí náà wọn kò lè bu ìtanràn lé e. Ẹni tó ti fọwọ́ síwèé ló wà nínú ewu. Àdéhùn 2020 láàárín liigi àti NFLPA sọ pé 40,000 dọ́là lóòjọ́ ni ìtanràn ẹni tó bá sá fún ibùdó nígbà tó ṣì wà lórí àdéhùn àkọ́kọ́, 50,000 sì ni ti àwọn àgbà. Ìdí rẹ̀ tí ọ̀pọ̀ fi ń wá sí ibùdó báyìí, tí wọ́n á jókòó sétí pápá láìgbá bọ́ọ̀lù, nìyẹn. T.J. Watt ti Pittsburgh ṣe bẹ́ẹ̀ ní 2021, ó sì gba àdéhùn tuntun kí sáà tó bẹ̀rẹ̀.

Lẹ́yìn ọdún mẹ́ta ńkọ́?

Ẹni tí wọ́n mú nínú draft kò lè bẹ̀bẹ̀ fún àdéhùn tuntun àfi tó bá ti gbá sáà mẹ́ta. Lẹ́yìn ìyẹn, ó kù sọ́wọ́ orí. Aaron Donald ti Rams jókòó ní 2017, ó tún jókòó ní 2018, ó sì gba mílíọ̀nù 135 dọ́là fún ọdún mẹ́fà. Melvin Gordon ti Chargers jókòó ní 2019, ó pàdánù ìdíje mẹ́rin, ó sì padà wá láìrí kọ́bọ̀ kún owó rẹ̀. Ẹni tí kíláàbù lè rí arọ́pò fún kò gbọ́dọ̀ jókòó pẹ́.

Ta ló lè jẹ́ aṣojú, èló ló sì ń gbà?

NFLPA ló ń fún wọn ní ìwé àṣẹ. Ó gbọ́dọ̀ ní oyè ìmọ̀ òfin tàbí oyè kejì yunifásítì, tàbí kó ti pẹ́ lẹ́nu iṣẹ́ ìdúnàádúrà. Á ṣe ìdánwò, á sì yege. Kò gbọ́dọ̀ gbà ju ìdá mẹ́ta nínú ọgọ́rùn-ún lọ, 1.5 ló sì wà nínú fọ́ọ̀mù àdéhùn bí ẹnikẹ́ni kò bá kọ iye mìíràn síbẹ̀. Ìgbà tí owó bá wọ ọwọ́ ọmọ ni tirẹ̀ tó ń wọlé.

Ọ̀pọ̀ kò mọ èyí, wọ́n á sì jẹ́ kó gba mẹ́ta. Ẹ wo Olu Fashanu, tí New York Jets fi nọ́ńbà kọkànlá mú ní 2024: iye tí nọ́ńbà kọkànlá ń gbà ti wà nílẹ̀ kí wọ́n tó pè é. Lórí mílíọ̀nù 20, ìdá mẹ́ta jẹ́ 600,000 dọ́là, ìdá kan àtààbọ̀ sì jẹ́ 300,000. Lójú tèmi, àdéhùn àkọ́kọ́ kò tó ohun tí aṣojú ń gba ìdá mẹ́ta lé lórí.

Ṣé aṣojú lè ba ayé ọmọ jẹ́?

Bẹ́ẹ̀ ni. Ní 1999, New Orleans Saints kó gbogbo ipò draft wọn tọdún náà sílẹ̀ kí wọ́n lè rí Ricky Williams mú ní nọ́ńbà karùn-ún. Kò sí ọmọ tí kíláàbù nílò tó o. Síbẹ̀, àdéhùn tí aṣojú rẹ̀, láti ilé iṣẹ́ tí olórin Master P dá sílẹ̀, gbà wálé fún un ni owó ìfọwọ́síwèé tí kò pé mílíọ̀nù mẹ́sàn-án, pẹ̀lú owó oṣù tó kéré jù tí òfin gbà. Gbogbo èyí tó kù, tí wọ́n fi ń pariwo mílíọ̀nù 68, wà lórí àwọn àṣeyọrí tí agbábọ́ọ̀lù díẹ̀ ló lè dé ibẹ̀.

Ti William Black, tí wọ́n ń pè ní Tank, ju ìyẹn lọ. Ó lu àwọn agbábọ́ọ̀lù tó gbẹ́kẹ̀ lé e ní jìbìtì, Fred Taylor ti Jacksonville wà lára wọn, ó sì fi ẹ̀wọ̀n jura. Aṣojú tó ń bá ọmọ dúnàádúrà kò gbọ́dọ̀ jẹ́ ẹni kan náà tó ń bá a tọ́jú owó. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ má ṣe gbà á láé.

Ṣé ọmọ lè ṣe é láìsí aṣojú?

Ó lè ṣe é. Roquan Smith tí mo dárúkọ lókè bá Baltimore Ravens dúnàádúrà fúnra rẹ̀ ní oṣù Kìíní 2023, ó gba mílíọ̀nù 100 fún ọdún márùn-ún. Oṣù mẹ́ta lẹ́yìn náà, Lamar Jackson, tí òun náà kò ní aṣojú tó níwèé àṣẹ, gba mílíọ̀nù 260 lọ́dọ̀ kíláàbù kan náà, mílíọ̀nù 185 ló sì dájú. Ṣùgbọ́n àwọn méjèèjì ti di gbajúmọ̀ kí wọ́n tó dán an wò. Ọmọ tuntun tó bá fẹ́ ṣe bẹ́ẹ̀, kó san owó wákàtí mélòó kan fún lọ́yà tó mọ iṣẹ́ yìí láti bá a ka ìwé náà.

Ṣé ọmọ Yorùbá kan wà tó ti jókòó sílé rí?

Adewale Ogunleye, tí wọ́n bí ní Brooklyn. Orúnkún rẹ̀ fara pa ní yunifásítì Indiana, kíláàbù kankan kò pe orúkọ rẹ̀ nínú draft ọdún 2000. Ó gba ẹ̀yìn wọlé sí Miami Dolphins. Ní 2003, ó gbé quarterback ṣubú lẹ́ẹ̀mẹẹ̀ẹ́dógún. Nígbà tó wá ní kí wọ́n sanwó tó yẹ òun, wọ́n fi owó ọdún kan péré lọ̀ ọ́, òfin kò sì jẹ́ kó lọ fàlàlà. Ó kọ̀, kò yọjú sí ibùdó ní 2004. Ní oṣù Kẹjọ, Miami fi í ṣe pàṣípààrọ̀ fún Chicago Bears, wọ́n sì fún un ní àdéhùn ọdún mẹ́fà tó lé ní mílíọ̀nù 33 dọ́là. Ọkùnrin tí orúnkún ti gba draft lọ́wọ́ rẹ̀ mọ ohun tí ìdánilójú jẹ́ ju ẹnikẹ́ni lọ.

Ọmọ mi ń gbá bọ́ọ̀lù ní yunifásítì, àwọn aṣojú ti ń pè wá. Kí ni kí n bi wọ́n?

Ẹ kọ́kọ́ béèrè bóyá ó níwèé àṣẹ NFLPA. Láti oṣù Keje 2021 tí wọ́n ti gba àwọn akẹ́kọ̀ọ́ láyè láti fi orúkọ àti àwòrán wọn pawó, ọ̀pọ̀ èèyàn ló ń pe ara wọn ní aṣojú tí wọn kò láṣẹ láti bá kíláàbù NFL kan sọ̀rọ̀. Iṣẹ́ méjì ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀ ni. Ẹ béèrè iye ìdá tó fẹ́ gbà lórí àdéhùn àkọ́kọ́, kí ẹ sì dúnàádúrà, kò sí ìtìjú níbẹ̀. Ẹ béèrè àwọn tó ti bá fọwọ́ síwèé ní ìpele tí wọ́n rò pé ọmọ yín á wà, kí ẹ pe àwọn òbí wọn.

Ó tún kù ohun kan tí wọn kì í sábà sọ. Láàárín oṣù Kìíní sí oṣù Kẹrin, aṣojú máa ń san owó ilé, oúnjẹ àti olùkọ́ fún ọmọ níbi tó ti ń múra sílẹ̀ fún draft. Ẹ ní kó kọ ọ́ sílẹ̀ bóyá ẹ̀bùn ni tàbí gbèsè, àti ohun tó máa ṣẹlẹ̀ sí owó náà bí ọmọ bá fẹ́ yí aṣojú padà. Ó láṣẹ láti yí i padà o: ìwé ìfitónilétí ọjọ́ márùn-ún péré ni òfin NFLPA béèrè lọ́wọ́ rẹ̀.